Ọ̀fẹ́ Tí Kò Gba Àgádágodo

Olè tó bá wọ ọ́fíìsì lọ́sàn-án gangan ọjọ́ Jímọ̀, tó fojú fo tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, tó fojú fo jẹnẹrétọ̀, tó fojú fo fóònù tuntun orí tábìlì, tó wá jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù àlòkù kan ṣoṣo ló gbé sá lọ, olè yẹn mọ ohun tó ń wá. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé kì í ṣe olè.

Ohun tí Insipẹ́kítọ̀ Àdìkẹ́ Ọmọ́yẹni ń rò nìyẹn bó ṣe dúró láàárín ọ́fíìsì Alhaji Mùíz Ọlábámijí ní Ọ̀fà, tí Alhaji sì ń da ọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni ń da yanrìn sílẹ̀. Àdìkẹ́ kò ga, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ ìfárí lọ. Nítorí ẹnu yẹn ni wọ́n ṣe ń gbé e kiri láti tẹ́ṣàn kan dé èkejì. Nítorí orí tó wà lẹ́yìn ẹnu náà ni wọn kò ṣe lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹjọ́ Alhaji kò gùn. Ó ní ilé iṣẹ́ òun ló kọ Alálàáfíà, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ètò náà, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló wà. Àwọn tó rà á lè lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ti dì í pa, ẹnikẹ́ni kò lè rí inú rẹ̀. Òun lọ kírun Jímọ̀, òun padà dé, fèrèsé ti fọ́. Kò pẹ́ sí i ni òun rí kóòdù òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ orúkọ ọmọbìnrin kan, Rùkáyàt Tàjùdéèn, tó ń pín in fáráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ojú-ìwé náà, wọ́n sì ti tì í pa. Àwọn ọlọ́pàá ti lọ gbé Rùkáyàt ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ pẹ̀lú.

“Mo ti mú olè fún yín,” ni Alhaji wí. “Kí lẹ tún ń wò lára ògiri mi?”

“Ẹ̀yin lẹ mú un, Alhaji? Mo rò pé ọlọ́pàá ló mú un.”

“Bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, ta lẹ fẹ́ mú?”

“Ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù.”

Alhaji pòṣé. Ó sọ fún un pé àlùfáà kì í kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní kéwú kí ọmọ aládùúgbò wá gba wàláà, pé bí àwọn obìnrin bá ti wọ iṣẹ́ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń gùn. Àdìkẹ́ yíjú sí Lukman, ọkùnrin tó ń bá Alhaji kọ kóòdù, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀. Ó bi í bóyá ẹ̀dà kóòdù náà kan wà níbòmíràn, nílé ni, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, nínú fóònù ni. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó bi í, Alhaji ni Lukman ń kọ́kọ́ wò kó tó ní rárá.

“Kò sí ẹ̀dà kankan,” ni Alhaji gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Bí Alálàáfíà bá bàjẹ́ lónìí yìí, a ò ní ohun tí a ó fi tún un ṣe. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, kí adájọ́ mọ ìwọ̀n ìyà tí olè yẹn fi jẹ mí.”

Àdìkẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Tayọ̀tayọ̀ ni Alhaji fi fọwọ́ sí tirẹ̀.

Ní tẹ́ṣàn, ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè, kò ní sùúrù. Ó ní àwọn lóókọ-lóókọ ìlú ń pe òun, pé bó bá fi di ọ̀sán ọ̀la, wọ́n á gbé Rùkáyàt lọ sí kóòtù ní Ìlọrin. Àdìkẹ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti kó dé iwájú adájọ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn olè, bó jàre bí kò jàre, ta ni yóò tún fi ọmọ ránṣẹ́ sí i pé kó kọ́ ọ níṣẹ́?

Ó bá Rùkáyàt nínú àtìmọ́lé, ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó fi bébà kan tẹ́ ìdí. Bébà náà, lọ́yà Alhaji ló mú un wá láàárọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí Rùkáyàt bá fọwọ́ sí i pé Alhaji ló ni kóòdù, Alhaji á dárí jì í, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ sílé.

“O ò fọwọ́ sí i,” ni Àdìkẹ́ wí.

“Simẹ́ńtì ilẹ̀ yìí tutù, mà. Mo rí ohun tí bébà náà wúlò fún.”

Inú Àdìkẹ́ dùn sí i, ṣùgbọ́n kò fi hàn. Ó bi í pé ta ló kọ ètò náà. Rùkáyàt ní òun ni, pé òun gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí Alhaji tó mọ ohun tó ń jẹ́ kóòdù, pé Alhaji ló gbà á níbẹ̀, tó pa orúkọ rẹ̀ dà, tó tì í pa, tó ń tà á. Ọjọ́ tó kọ ọ́ wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá gbé. Lọ́yà Alhaji ti fèsì sí ìyẹn: ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lè kọ déètì tó bá wù ú.

“Ṣé ìwọ fúnra rẹ kọ́ lo ní kí wọ́n máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́ ni?” Àdìkẹ́ bi í. “O gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síta, o ní kí èrò máa bù ú jẹ. Alhaji bù ú. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?”

“Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ó mú un, mà. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ nínú pé ó tì í.” Rùkáyàt gbé ara rẹ̀ sókè. “Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan wá fọnná lẹ́yìn ààrò yín, tí ẹ fún un, tí ẹ sì bá a ṣàdéhùn pé ẹni tó bá wá fọnná lọ́dọ̀ tiẹ̀ náà, kó fún un bí ẹ ṣe fún òun. Kó fi iná yẹn dín àkàrà tà, ó wù ú. Kó koná mọ́ ọn, ó wù ú. Ṣùgbọ́n kó má ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wá fọnná. Irú àdéhùn tó wà nínú láísẹ́ǹsì tí mo fi lé e nìyẹn. Gbogbo ẹni tí Alhaji tà á fún, ó yẹ kí wọ́n rí kóòdù rẹ̀ gbà bí wọ́n bá bèèrè, pẹ̀lú ohun tí Alhaji fúnra rẹ̀ fi kún un, kí àwọn náà lè tún un ṣe, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn.”

Ó tún ní àjọ kan ń bọ̀ láti Àbújá tó fẹ́ ra Alálàáfíà fún ilé ìwòsàn káàkiri Kwara. Àwọn yẹn ti sọ pé àwọn á rí inú kóòdù kí àwọn tó rà á.

Àdìkẹ́ mí kanlẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí kóòdù, kóòdù sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí olè gbé. Olè wo ló mọ àkókò tó bẹ́ẹ̀? Rùkáyàt ṣì ń ní kó dúró, pé kì í ṣe gbogbo ohun ọ̀fẹ́ ló rí bákan náà, ṣùgbọ́n Àdìkẹ́ ti gbéra. Ìwàǹwára yẹn ni yóò fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ṣẹlẹ̀ báyìí. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù Rùkáyàt ní tẹ́ṣàn, ó rí ojú-ìwé tí wọ́n fi orúkọ àwọn tó lọ́wọ́ nínú ètò náà sí. Orúkọ òyìnbó kan wà níbẹ̀, ẹni tó kọ kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń mú ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Alhaji, ó ní kí wọ́n ṣí irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ nínú Alálàáfíà. Orúkọ òyìnbó náà rèé, tòun ti àmì rẹ̀.

“Alhaji, ẹ sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ yín ló kọ gbogbo rẹ̀. Ta ni òyìnbó yìí? Ṣé ọmọ Ọlábámijí lòun náà?”

Alhaji wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́. Ó ní kí Lukman la Mummy lóye. Lukman ń wolẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀: ẹni tó kọ kàlẹ́ńdà yẹn ní kí ẹnikẹ́ni gbà á, kó lò ó, kó tà á, kó tì í mọ́lé bó bá wù ú, kó ṣáà má ti pa orúkọ òun rẹ́. Ìdajì ètò kọ̀ǹpútà tó wà láyé ló fi kàlẹ́ńdà yẹn ṣe. Kò sí àdéhùn pé kí a ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà.

“Mángòrò etí ọ̀nà nìyẹn, Mummy,” ni Alhaji wí. “Olóko ní ká máa ká a. Èmi ká a, olè yín náà ká a. Ṣé ohun tí ẹ fi ń jẹ owó ìjọba nìyí? Ẹ lọ sinmi nílé, kí ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.”

Àwọn akọ̀wé inú ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀gá wọn. Àdìkẹ́ jáde. Ojú tì í, inú sì ń bí i, ṣùgbọ́n nínú ìbínú náà ó ti rí ohun kan: ọ̀fẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó gba kí a tì í, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Èyí tí kò gba àgádágodo ló yẹ kí òun wá. Apá wo nínú Alálàáfíà ló jẹ́ ti Rùkáyàt nìkan, tí kì í ṣe ti òyìnbó, tí kì í ṣe ti gbogbo ayé?

Ó gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìjàgbó, sí ilé ìwòsàn kékeré tí Nọ́ọ̀sì Roseline dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Roseline jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó ga, kò sì lè purọ́ bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní ilé. Ó ní ti Rùkáyàt ni òun ń lò tẹ́lẹ̀, kí Alhaji tó wá tà á ní Alálàáfíà, tó sì nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní òun fura pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ ta ni yóò gba ìfura nọ́ọ̀sì gbọ́ lórí kọ̀ǹpútà?

Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́, ìyàwó kékeré kan wọlé, Khàdíjàt, ó mú ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kéré jù, tó ń bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Roseline bi í lórúkọ ọmọ náà. Khàdíjàt wo ilẹ̀, ó ní Eyínfúnjowó ni.

Àdìkẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún òun. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ìkókó tó ń rá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Orúkọ tó bá wù ú ló máa sọ ọ́, òun ló sì máa pè é títí ayé. Alálàáfíà mọ èyí: àyè kan wà nínú rẹ̀ fún orúkọ tí ìyàwó ilé ń pe ọmọ, kí nọ́ọ̀sì lè fi wá káàdì rẹ̀. Roseline tẹ Eyínfúnjowó. Kò sí nǹkan.

“Ta ló mú un wá tẹ́lẹ̀?” Roseline bi í.

“Ìyàálé mi ni, mà.”

“Kí lòun ń pè é?”

“Opẹ́lẹ́ńgẹ́.”

Wọ́n tẹ Opẹ́lẹ́ńgẹ́, káàdì ọmọ jáde. Roseline fi Eyínfúnjowó kún un, ó tún wá Opẹ́lẹ́ńgẹ́ wò. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ti pòórá. Orúkọ tuntun ti gbé ti àkọ́kọ́ mì. Roseline fọwọ́ gbá tábìlì. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ lòun ti ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn Alhaji. Ìyàwó kan á dé, orúkọ tí ìyàwó kejì sọ ọmọ á kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fẹ́ẹ̀ gún ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀. Alhaji ní kí òun ní sùúrù.

Àdìkẹ́ jókòó tí àṣìṣe yìí bí ẹni jókòó ti oúnjẹ. Irú ènìyàn wo ló máa rò pé ọmọ ilé kan kì í ní ju orúkọ ìyàwó kan lọ? Kì í ṣe ìyàwó ilé, nítorí ìyàwó ilé gbọ́ ohun tí orogún rẹ̀ ń pe ọmọ náà. Kì í ṣe ọmọ agboolé ńlá. Ọmọ tí kò mọ̀ ju ìyàwó kan ṣoṣo lọ nínú ilé wọn ni.

Nígbà tó padà dé tẹ́ṣàn, ìbéèrè kan péré ló bi Rùkáyàt: ìyàwó mélòó ló wọ ilé yín lẹ́yìn tí wọ́n bí ọ? Rùkáyàt ní ẹyọ kan, ìyàwó bùrọ̀dá òun. Àdìkẹ́ sọ ohun tó rí fún un. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bojú.

“Àṣìṣe mi nìyẹn, mà. Bí mo ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan ní Ẹ̀rìn-Ilé, mi ò rí i rí, ló gba kóòdù, ló tún un ṣe, ló sì dá a padà sí mi. Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé lè máa fa ilẹ̀ bó ti wù wọ́n, obìnrin náà kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bí Alhaji bá ṣí tiẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹnì kan ì bá ti tún un ṣe fún òun náà.”

Àdìkẹ́ mọ̀ pé èyí kò tó. Lọ́yà á ní àṣìṣe jọ àṣìṣe, kò sí ilé tí kì í jò. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tó láti fi de èèyàn lè tó láti fi dẹ pàkúté fún un.

Ó padà sí ọ́fíìsì Alhaji. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ẹnu sókè. Ó jókòó bí ẹni tó ti rẹ̀, ó yin àyè orúkọ ìyàwó tó wà nínú Alálàáfíà, ó bi Alhaji pé ta ló ronú ẹ̀. Alhaji ní ìyàwó òun, Safiyat, ló kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

“Ilé yín á kún fún ìyàwó, Alhaji.”

“Agboolé wa? Wọn ò lóǹkà.”

“Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀yin?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé pé ọ̀tá lòun ń bá sọ̀rọ̀. “Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Akọ̀wé. Ìkejì rẹ̀ ní Adúmáadán. Èyí tí àbúrò bàbá wa fẹ́ kẹ́yìn ní Ọ̀gá Kékeré.”

“Ẹyọ ènìyàn kan, orúkọ mẹ́ta. Alhaja Safiyat sì mọ gbogbo rẹ̀. Báwo ló ṣe wá kọ́ yín pé kí ọmọ kan máa ní ẹyọ kan?”

Ẹ̀rín kú lójú Alhaji. Ó ní ètò tí kò ní àṣìṣe, Ọlọ́run nìkan ló kọ ọ́. Àdìkẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó ní àṣìṣe kan náà ló wà nínú ti Rùkáyàt níbẹ̀rẹ̀, àti pé ilé tó lè bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Ọ̀fà.

“Lọ́la, ká tó gbé e lọ sí Ìlọrin, màá mú ọ̀gá mi yà lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Roseline. A ó tẹ orúkọ méjì lójú gbogbo wa. Ẹ̀yin náà ẹ wá. Bí ọ̀kan bá gbé èkejì mì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ti bàjẹ́. Bí kò bá gbé e mì, ẹ̀yin lẹ jàre, màá sì tọrọ àforíjì níwájú ìlú.”

Alhaji ní kí ó jáde fún òun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí Alhaji ń pe Lukman.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ọlọ́pàá tó fẹ́ gbé Rùkáyàt dúró níwájú ilé ìwòsàn Roseline, dẹ́rẹ́bà kò tilẹ̀ pa iná rẹ̀. Rùkáyàt wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè ń wo aago. Alhaji Mùíz dé nínú agbádá funfun, Lukman ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n.

Roseline jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó tún fi Opẹ́lẹ́ńgẹ́ tó pòórá lánàá kún káàdì ọmọ náà. Ó tẹ Eyínfúnjowó, káàdì kan náà jáde. Ó padà sí Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó wà níbẹ̀ digbí.

Rùkáyàt tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

“Insipẹ́kítọ̀,” ni Alhaji wí, “àṣìṣe dà?”

Adétóyè kọjú sí Àdìkẹ́, ó ní ó ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tó, kí wọ́n máa gbé ọmọbìnrin náà lọ. Àdìkẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó bi Roseline bóyá bí ètò náà ṣe rí lánàá nìyẹn. Roseline ní rárá, pé láàárọ̀ yìí bí òun ṣe tan kọ̀ǹpútà, ó ní kí òun dúró ná, Alálàáfíà tuntun ń wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Iṣẹ́ yín dára, Alhaji,” ni Àdìkẹ́ wí. “Ta ló tún un ṣe?”

“Lukman ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í fiṣẹ́ ṣeré.”

“Kí ló fi tún un ṣe?”

Àdìkẹ́ yọ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ó kà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kò sí ẹ̀dà kankan, bí Alálàáfíà bá bàjẹ́ lónìí yìí, a ò ní ohun tí a ó fi tún un ṣe.

“Ètò tí wọ́n ti dì pa, a kì í tún inú rẹ̀ ṣe láìsí kóòdù. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ojú-ìwé Rùkáyàt wà ní títì. Ẹ̀yin lẹ tì í. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ẹ̀dà Alálàáfíà kan ṣoṣo tí ẹ ní ó wà ni olè gbé. Olè ọ̀hún mà ṣèèyàn o, Alhaji. Ṣé ó yá yín ni?”

“Lukman rántí rẹ̀ lórí,” ni Alhaji wí.

Lukman gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Alhaji, ta ló lè rántí ìwé tó nípọn tó Kùránì láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀, tí kì í ṣe háfísì? Mi ò lè lọ sẹ́wọ̀n nítorí yín.” Ó kọjú sí Adétóyè. “Ó wà nínú búùtù ọkọ̀ wọn, sà. Abẹ́ táyà àfirọ́pò.”

Ọlọ́pàá kan jáde lọ, kò pẹ́ tó padà dé pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àlòkù kan. Àdìkẹ́ ní kí Lukman ṣí i. Orúkọ Rùkáyàt Tàjùdéèn ló kọ́kọ́ yọ lójú ìwé àkọ́kọ́, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ orúkọ náà lódindi. Ó tún wà lójú ìwé kejì, àti lójú ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e. Wọn kò tilẹ̀ ṣe wàhálà pé àwọn ń nù ún kúrò. Yàrá tí a ti tì pa, ta ni yóò gbá a? Ìdí tí Alhaji kò fi lè fi kóòdù náà han ará Àbújá nìyẹn, ìdí tí olè fi ní láti jà nìyẹn, ìdí tí bébà lọ́yà fi ń wá ọwọ́ Rùkáyàt kiri nìyẹn.

Adétóyè tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò wo ojú Àdìkẹ́ bó ṣe ń ṣe é.

Ohùn Alhaji wá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó pe Rùkáyàt ní ọmọ mi. Ó ní kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn, pé láísẹ́ǹsì yẹn nìkan ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí ó yí i padà sí irú ti kàlẹ́ńdà òyìnbó yẹn, kí kálukú gbà á kó ṣe é bó ṣe wù ú. Àwọn ará Àbújá á rà á, àwọn á jọ jẹ ẹ́.

Rùkáyàt ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí irin ti bó o. “Ẹnì kankan ò ní kí ẹ má tà á, Alhaji. Ẹ ò bá máa tà á títí dòní, ká máa kíra wa. Bó bá sì jẹ́ pé mo fẹ́ yí i padà, iṣẹ́ èèyàn mìíràn ti wọ inú rẹ̀, kì í ṣe èmi nìkan ni mo ni ín mọ́. Ẹ lọ bẹ obìnrin Ẹ̀rìn-Ilé ná. Ẹ sọ fún un pé ọmọ Ọ̀fà ni yín.”

Adétóyè bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí ipò rẹ̀. Ó ní kí Alhaji máa bọ̀ nínú ọkọ̀, pé ó ní ẹjọ́ irọ́ pípa fún ọlọ́pàá láti jẹ́, ọkọ̀ ṣáà ti wà lórí iná. Alhaji kó agbádá rẹ̀ jọ. Nọ́ọ̀sì Roseline ló dìde tó dí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ dúró ná, Alhaji. Mo ti gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí. Èmi ni mo ra ètò yìí lọ́wọ́ yín. Kóòdù mi dà?”

“Mama, ẹ jẹ́ ká dé tẹ́ṣàn.”

“Mi ò bá tẹ́ṣàn ra nǹkan. Ẹ̀yin ni mo bá rà á.”

Alhaji wo Adétóyè. Adétóyè ń wo òrùlé. Ó wo Àdìkẹ́, Àdìkẹ́ sì wò ó padà títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Roseline yọ bàtà ilé tó wọ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òde. Ó sọ fún àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé òun ò ní pẹ́, ó gba iwájú Alhaji kọjá, ó sì gun ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣáájú rẹ̀.